Bí a ṣe gbé Alien: Isolation wọnú VR, àti ohun tó kọ́kọ́ dí wa lọ́wọ́

Àbúrò mi kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn ló ra Quest 2 tòkunbọ̀, hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì VR téèyàn ń gbé sójú kó lè dà bíi pé inú géèmù gan-an ló wà. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò burú, káàdì àwòrán RTX 2060 ló wà nínú ẹ̀, ó sì ti ra Alien: Isolation, géèmù tí ẹranko abàmì kan ti ń dọdẹ èèyàn kiri nínú ibùdó òfuurufú, lórí Steam tí wọ́n ti ń ta géèmù tipẹ́tipẹ́, ìgbà tí wọ́n já owó ẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbá a dé ibì kankan. Ohun tó ń wù ú ni kó wọ inú ibẹ̀ fúnra ẹ̀, kó máa wòkè, kó máa wo ẹ̀yìn, kó máa yọjú níbi igun. Ó gbé hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì sójú, ó tẹ géèmù, kí ló rí? Sikirínì ńlá kan tó dúró gbagidi síwájú ẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó yírí, sikirínì ò mì. Ó bọ́ ọ kúrò lójú, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé torí èyí ni mo ṣe náwó?”

Mo ní kó fara balẹ̀. Géèmù tí wọ́n ṣe fún sikirínì lásán, bó ṣe máa ń rí nìyẹn téèyàn bá ṣí i nínú SteamVR, ìyẹn áàpù tí Steam fi ń gbé géèmù lọ sí hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì, wọ́n kàn máa gbé e kọ́ síwájú ẹ bíi tẹlifíṣọ̀n ni. VR gidi ń fẹ́ kí géèmù ya àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ti ojú ọ̀tún lọ́tọ̀, ti ojú òsì lọ́tọ̀, torí ibi tí ojú kan dúró sí kọ́ ni ìkejì dúró sí, ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé nǹkan jìnnà àbí ó sún mọ́ni. Ó tún ń fẹ́ kí kámẹ́rà inú géèmù máa bá orí ẹni lọ, kì í ṣe kó yí nìkan o, téèyàn bá nà síwájú, kóun náà nà síwájú, téèyàn bá bẹ̀rẹ̀, kóun náà bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí mọ́ọ̀dù VR, àfikún táwọn èèyàn ń ṣe sí géèmù tí kì í ṣe tiwọn, máa ń ṣe nìyẹn, ibi tí ìyàtọ̀ sì ti máa ń wà ni ọ̀nà tí kálukú ń gbà ṣe é.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ti sọ fún un pé UEVR ni kó lọ dáúnlóòdù. UEVR dáa o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó ń jẹ́ praydog ló ṣe é, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ló gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Unreal Engine 4 àti 5 ṣe, ẹ́ńjìnnì ni sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù, ló sì lè gbé wọnú VR láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó ṣe mọ́ọ̀dù fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ Unreal kọ́ ni wọ́n fi ṣe Alien: Isolation. Creative Assembly, àwọn tó wà ní Horsham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnnì tara wọn ni wọ́n lò, Cathode ni wọ́n ń pè é. Tó bá fẹ́ kó fi UEVR bá a jà títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sí nǹkan tó máa jáde níbẹ̀. Torí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó bá gbé irú nǹkan báyìí wá ni pé ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n fi ṣe géèmù yẹn, kí n tó béèrè kọ̀ǹpútà ẹ̀ rárá.

Èyí tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ géèmù yìí yàtọ̀ ni pé VR ti wà nínú ẹ̀ kó tó jáde. Ní E3 ọdún 2014, àfihàn géèmù ńlá kan, Creative Assembly gbé e síta pẹ̀lú Oculus Rift DK2, hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ géèmù, àwọn èèyàn gbé e sójú, wọ́n gbá a, wọ́n kàn sọ pé àyẹ̀wò lásán làwọn fi ń ṣe, kì í ṣe ohun táwọn fẹ́ tà. Ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni géèmù yẹn jáde, kò sí VR nínú ohun tí wọ́n polówó, ṣùgbọ́n wọn ò yọ kóòdù ẹ̀ kúrò. Kò pẹ́ táwọn kan fi rí i pé téèyàn bá fi Notepad ṣí fáìlì kan tó ń jẹ́ ENGINE_SETTINGS.XML, tó tún ìlà díẹ̀ kọ níbẹ̀, VR tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ yẹn á dìde. Àwọn tó ní DK2 jẹ ayé díẹ̀. Ìgbà tí Rift tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé wá jáde lóṣù kẹta 2016, Oculus ti yí sọ́fítíwíà wọn padà, kóòdù àtijọ́ yẹn ò gbọ́ èdè tuntun, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kú. Ọdún 2017 ni ẹni tó ń jẹ́ Nibre gbé mọ́ọ̀dù tiẹ̀ síta, MotherVR, òun ló jí i dìde fún àwọn hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ìdí tí mo fi ń fa ìtàn yìí gùn ni pé òun ló sọ ohun téèyàn lè retí níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn sí lára tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá fi búlọ́ọ̀kù dí i, ni MotherVR rí, búlọ́ọ̀kù yẹn ló kàn wó. Àwọn tó kọ géèmù yẹn ti wọn ibi tójú Amanda Ripley, ẹni téèyàn ń ṣe nínú géèmù náà, yẹ kó wà, wọ́n ti wo bí nǹkan ṣe tóbi tó lójú ẹni tó dúró síbẹ̀, torí náà ilẹ̀kùn tóbi bí ilẹ̀kùn, àga rí bí àga, kò sí pé èèyàn á kúrú bí ọmọdé tàbí pé ife tíì á tóbi bíi garawa, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa nínú àwọn mọ́ọ̀dù tí wọ́n fipá gbé wọ géèmù tí ò ní i lọ́kàn rárá. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ náà sì lè gbé e, torí géèmù ọdún 2014 ni, tó ní láti ṣiṣẹ́ lórí PS3 àti Xbox 360.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí iṣẹ́. Ọkàn mọ́ọ̀dù yìí ò ju fáìlì kan lọ, dxgi.dll. Èèyàn á lọ sí orúkọ géèmù lórí Steam, á tẹ ọ̀tún máúsì, á ní kó ṣí fódà ẹ̀ fóun, á wá ju fáìlì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ AI.exe tó jẹ́ géèmù fúnra ẹ̀. Kì í ṣe inú fódà míì tó wà níbẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ AI.exe gan-an. Ìdí ẹ̀ ni pé Windows fúnra ẹ̀ ní dxgi.dll tiẹ̀, òun ni géèmù máa ń gbà kó àwòrán lọ sójú sikirínì, ṣùgbọ́n tí géèmù bá ń wá a, fódà ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wò kó tó lọ wo ti Windows. Tó bá bá èyí tó jẹ́ ti mọ́ọ̀dù níbẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn, mọ́ọ̀dù á ṣe tiẹ̀, á sì gbé ìyókù lé ti Windows lọ́wọ́.

Àbúrò mi ṣe gbogbo ẹ̀ bí mo ṣe wí, ó tẹ géèmù, sikirínì ńlá yẹn náà ló tún yọ. Ó ti ń sọ pé bóyá hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì yẹn ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tà á fóun, ó ní òun á padà lọ bá ẹni tó tà á. Mo ní sùúrù ná, ṣí fódà yẹn fún mi. Mo wo dxgi.dll, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ AI.exe náà ló wà, ibi tó yẹ kó wà nìyẹn. Àmọ́ fáìlì kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀ tó ń jẹ́ ReShade.ini. Mo ní, “Kí lèyí ń wá níbí?” Ó ní, “Háà, èyí tí mo fi ń jẹ́ kí kọ́lọ̀ ẹ̀ tàn dáadáa ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi síbẹ̀.” Ẹni tó bá mọ ReShade á ti mọ ibi tí mò ń lọ. ReShade náà, dxgi.dll ni orúkọ tó máa ń jẹ́ nínú irú géèmù báyìí, ọgbọ́n kan náà lòun náà fi ń wọlé. Mo tẹ ọ̀tún máúsì lórí dxgi.dll, mo ṣí Properties, mo lọ sí Details, ReShade ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Ṣé ẹ rí i, nígbà tó fẹ́ gbé ti MotherVR wọlé, Windows ti bi í pé fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti wà níbẹ̀, ṣé kí n fi tuntun rọ́pò ẹ̀ àbí kí n fi í sílẹ̀, ọ̀gbẹ́ni sì ní kó fi í sílẹ̀ torí pé kò fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Fódà ò lè gba fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, kí ọ̀kan jáde fún ìkejì ni. A kó ReShade kúrò tòun ti .ini ẹ̀, a gbé ti MotherVR sí i, a tẹ géèmù. Mo rí i lẹ́nu ẹ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ti ìsopọ̀, a ò fi wáyà ṣe é. Áàpù Steam Link tó wà lórí Quest la lò, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kọ̀ǹpútà ni ká fi wáyà so mọ́ ráútà, kí hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì wá máa gba wáífáì 5GHz, kó sì wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà yẹn. Ẹ̀yin tó ń bẹ̀rù owó dátà, ẹ má bẹ̀rù, àwòrán yẹn ò gba íntánẹ́ẹ̀tì kọjá rárá, láti kọ̀ǹpútà sí ráútà, láti ráútà sójú ẹ ni, inú ilé náà ló ń yí sí.

Inú ọkọ̀ òfuurufú Torrens ni géèmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Amanda jí lójú oorun gígùn, ó dìde, kò tíì sí ewu kankan, èèyàn kàn ń rìn kiri ni. Lórí sikirínì, bóyá ìṣẹ́jú díẹ̀ lèèyàn máa fi kọjá níbẹ̀. Àbúrò mi ò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ń wo tìmùtìmù funfun tí wọ́n fi bo ògiri, ó ń tẹ orí ba lábẹ́ páìpù tí kò lè gbá a lórí, ó ń gbé ojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kó lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ó wá fẹ́ gbára lé tábìlì. Tábìlì wo? Díẹ̀ báyìí ló kù kó ṣubú lulẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Wàhálà kejì wá dé kò tíì lọ jìnnà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ó ní èébì ń gbé òun, ó bọ́ hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì, ó lọ dùbúlẹ̀. Màmá mi fọwọ́ kàn án lọ́rùn, wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní kí n lọ ra oògùn ibà. Kì í ṣe ibà, màmá. Ojú ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yí, omi inú etí sì ń sọ pé a dúró sójú kan, ọpọlọ ò wá mọ èyí tóun máa gbà gbọ́. Pádì ló fi ń gbá a, ọwọ́ ló ń fi yí kámẹ́rà, ó sì ń yí i wìì-wìì bó ṣe máa ń ṣe lórí sikirínì. Èyí tó tún wá burú síbẹ̀ ni pé géèmù yẹn ń já. Mo ṣí sẹ́tínì ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló gbé dé òkè pátápátá, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣètò Quest sí 90. Ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbé àwòrán 90 wá fún ojú kọ̀ọ̀kan, tí kò bá bá a, àwòrán á máa fà lẹ́yìn orí, orí ti débẹ̀, ojú ò tíì dé. Ìyẹn gan-an ló ń pa èèyàn.

Mo dá Quest padà sí 72. Mo dín ìwọ̀n àwòrán kù nínú SteamVR fún géèmù yìí nìkan. Nínú sẹ́tínì géèmù, mo pa motion blur, mo pa film grain, mo pa chromatic aberration, àwọn mẹ́ta yìí, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni kí sikirínì dà bíi fíìmù tí wọ́n fi kámẹ́rà yà, ẹni tó ń fi ojú ara ẹ̀ wò kò nílò ìkankan níbẹ̀. Mo mú òjìji wálẹ̀. Àwòrán ò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, àmọ́ géèmù dúró ṣinṣin. Mo wá gbé àga ọ́fíìsì mi tó ń yí fún un, mo ní tó bá fẹ́ yí, ara ẹ̀ ni kó yí, kó fi pádì rìn síwájú nìkan. Ibi tí géèmù bá ti gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹ̀ láti fi ìtàn hàn án, kó dijú díẹ̀ títí á fi dá a padà fún un. Lọ́jọ́ yẹn mi ò jẹ́ kó gbé e sójú mọ́, torí ẹni tí VR bá ti kọ lù, tó bá ní òun á fara dà á, ṣe ló máa ń burú sí i. Lọ́jọ́ kejì tó padà síbẹ̀, kò sí ibà kankan mọ́.

Ìgbà yẹn la wá mọ irú géèmù tó jẹ́. Ẹ gbọ́, èmi náà ti gbá a lórí sikirínì rí, mo mọ̀ pé ó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n lórí sikirínì mo mọ̀ pé ògiri yàrá mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibùdó òfuurufú Sevastopol tí géèmù náà ti ń ṣẹlẹ̀, nínú VR, ó tóbi, ó dá páropáro, iná ń ṣẹ́jú, páìpù ń hu lókè, èèyàn á sì gbọ́ nǹkan kan tó ń rìn nínú ihò afẹ́fẹ́ lókè orí gangan, á gbójú sókè lóòótọ́, kò sí pé ó ń fi ọwọ́ yí nǹkan kan. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn San Cristobal, níbi tí ẹranko yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá èèyàn kiri, ó sá wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú géèmù yẹn, ẹranko á wá gbórun sẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù, bọ́tìnì kan sì wà téèyàn máa tẹ̀ kí Amanda lè sé èémí. Ó tẹ bọ́tìnì yẹn, èmi tí mo jókòó tì í wá rí i pé òun fúnra ẹ̀ ti sé èémí tiẹ̀ náà, ọrùn ẹ̀ le gbandi, ó sún ẹ̀yìn títí àga fi gbá ògiri. Kò sí bọ́tìnì fún ìyẹn. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni màmá mi wọlé wá pè é pé kó wá jẹun, wọ́n sì fọwọ́ kan èjìká ẹ̀. Ariwo tó pa, àwọn ará ilé kejì béèrè lọ́wọ́ wa. Àtìgbà yẹn, tí màmá bá fẹ́ pè é, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kígbe.

Ibi tí kò dáa tó náà wà o. Àwọn tó ṣe VR àkọ́kọ́ yẹn, pádì ni wọ́n ní lọ́kàn, kò tíì sí rìmóòtù tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú fún DK2. Nibre padà fi ìyẹn kún MotherVR nígbà tó yá, àmọ́ kéèyàn ṣí ilẹ̀kùn, kó fa nǹkan, kó ki káàdì bọ ẹ̀rọ, bọ́tìnì ló ṣì ń ṣe gbogbo ẹ̀, ọwọ́ Amanda á kàn ṣe tiẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ géèmù tọ́wọ́ ti ń ṣe nǹkan gidi, kó lọ wo mọ́ọ̀dù VR ti Half-Life 2 tó jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Steam lóṣù kẹsàn-án 2022, kó ṣáà ti ní Half-Life 2 fúnra ẹ̀ ni, ìbọn níbẹ̀, ọwọ́ ara ẹ lo fi ń ki ọta sí i.

Àbúrò mi bi mí pé ṣé wọn ò ní wá mú òun torí mọ́ọ̀dù. Rárá. Ẹni tí wọ́n máa ń bá jà ni ẹni tó ń ṣe é, pàápàá tí owó bá wà níbẹ̀. Luke Ross ṣe VR fún GTA V àti Red Dead Redemption 2, ọgbọ́n tiẹ̀ ni pé kó ya ojú ọ̀tún báyìí, kó ya ojú òsì tẹ̀lé e, kí ẹrù má baà wúwo jù fún kọ̀ǹpútà, Patreon làwọn èèyàn sì ti ń sanwó fún un. Lọ́dún 2022 Take-Two tó ni àwọn géèmù yẹn fi òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ gbá a mú, Luke Ross sì kó àwọn mọ́ọ̀dù yẹn kúrò. MotherVR ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, géèmù tí àbúrò mi fi ń gbá a, owó ara ẹ̀ ló fi rà á.

Ọ̀rọ̀ iná nìkan ni n ò rí ojútùú tó dáa sí. Hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì ní bátìrì tiẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní. Tí wọ́n bá mú iná lọ, géèmù á kú fin-ín, èèyàn á wà nínú hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì nìkan tó ń wo Steam Link tó ní òun ò rí kọ̀ǹpútà mọ́. Géèmù yìí kì í sì í jẹ́ kéèyàn ṣe séèfù níbi tó bá wù ú, ó dìgbà téèyàn bá dé ìdí ẹ̀rọ kan lára ògiri, tó ki káàdì bọ̀ ọ́, tó dúró kí iná ara ẹ̀ tàn tán, ẹranko yẹn sì lè pa á níbi tó ti ń dúró. Torí náà mo ra UPS kékeré kan, kò lè gbé e pẹ́, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹni tó bá ti sún mọ́ ẹ̀rọ yẹn.

Mo fi bó ṣe máa padà sí sikirínì hàn án náà: kó kàn yí orúkọ dxgi.dll yẹn padà sí nǹkan míì, géèmù ò ní rí i mọ́, á ṣí bó ṣe máa ń ṣí tẹ́lẹ̀, séèfù kan náà sì ni méjèèjì ń lò. Mo rò pé nítorí ìdánwò ni mo ṣe kọ́ ọ. Ohun tó ń fi í ṣe báyìí ni pé tó bá rìn dé ibi tí ẹranko yẹn ti pọ̀ jù, á séèfù, á jáde, á yí orúkọ fáìlì padà, á lọ fi sikirínì gbá ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú wíńdò ṣíṣí, kó tó tún dá orúkọ ẹ̀ padà.